Ìgbésí-Ayé James Peters, Agbábọ́ọ̀lù Rọ́gbì



Nígbà tí a kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tí mo sì fèsì pé ìtàn agbábọ́ọ̀lù kan ni mo fẹ́ sọ, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, kí ni àlùfáà ń wá lórí pápá eré? Èmi kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi títí dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa tó bí ẹ ti rò.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1970 ni a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Ìbàdàn yìí, Adédayọ̀ Adébáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ yìí dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì fún ìlú Bath. Láàrin ọdún 1996 àti 1998 ó wọ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà mẹ́fà, aṣọ funfun tí òdòdó pupa wà ní àyà rẹ̀. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní Ọjà'ba léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Mo tún bi wọ́n léèrè ta ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ń fi èdè Gíríìkì bá wọn sọ̀rọ̀. Ìtàn ẹni àkọ́kọ́ yìí ni mo gbé wá.

Kí a tó lọ jìnnà, mo ní láti ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i, nítorí kì í ṣe irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń gbá ní agbègbè Bẹẹrẹ ní ọjọ́ Sátidé. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn kò rí róbótó. Ó gùn bí àgbọn tí a kò tíì bó. Ọwọ́ ni a fi ń gbé e sáré, bí ẹni tí ó gbé bá sì fẹ́ jù ú fún ẹnìkejì rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó gbọdọ̀ jù ú sí, kì í ṣe iwájú. Ẹni tí ó bá gbé e kọjá ìlà ìkẹyìn àwọn tí ń bá a jà, tí ó sì fi í kan ilẹ̀ níbẹ̀, ó ti gba àmì mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ni ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù ni gbogbo àwọn yòókù ní ẹ̀tọ́ láti dì mú kí wọ́n sì gbé ṣánlẹ̀. Ní iwájú ni àwọn alágbára wà tí ń fi èjìká ti ara wọn bí ẹfọ̀n. Ní ẹ̀yìn ni àwọn asáré wà. Láàrin àwọn méjèèjì ni àwọn ènìyàn méjì kan ń dúró sí, tí bọ́ọ̀lù ń ti ọwọ́ wọn kọjá. Bí ojú wọn kò bá mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ wọn kò sì yá, asán ni làálàá gbogbo ìyókù. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dúró.

James Peters ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1879 ni a bí i ní Salford, nítòsí Manchester. George Peters, baba rẹ̀, jẹ́ adúláwọ̀ láti erékùṣù Jamaica, níbi tí a kó àwọn baba ńlá adúláwọ̀ lọ ní ẹrú láti máa ro oko ìrèké. Hannah Gough, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbèríko Shropshire. Iṣẹ́ baba náà kò wọ́pọ̀: ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó ẹranko káàkiri láti ìlú dé ìlú kí àwọn ènìyàn lè sanwó wòran, kìnnìún sì ni tirẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìdílé náà sọ pé nínú àgò kìnnìún ni ó ti bá ikú pàdé, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ẹ wo bí Dáníẹ́lì ti jáde láìfarapa, tí ẹlòmíràn kò sì jáde. N kò ní àlàyé fún èyí, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé mo ní.

Agbára ìyá kò ká ọmọ títọ́ mọ́. A fi Jimmy lé ẹgbẹ́ eléré mìíràn lọ́wọ́, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa gun ẹṣin láìsí gàárì, kí ó máa dúró lé ẹ̀yìn ẹṣin tí ń sáré yíká. Ó ṣubú, apá rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí apá ti ṣẹ́, èrè ti tán lára rẹ̀ fún àwọn tí ó gbà á. Wọ́n fi í sílẹ̀ wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ará Kúdẹtì gbé orí sókè. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá gbé láàrin wa, àwọn ọmọdé sì ni Anna kọ́kọ́ kó jọ sínú ilé rẹ̀. Àwọn ìjòyè kan fi ọmọ wọn lé e lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò béèrè wọn. Bí ẹ bá tọpa ìdílé onígbàgbọ́ púpọ̀ nínú ìlú yìí, ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó gba Jimmy là. A gbà á sí ilé àwọn ọmọ aláìníbaba tí ọ̀gbẹ́ni Fegan dá sílẹ̀ ní Southwark ní London, lẹ́yìn náà a mú un lọ sí èyí tí ó wà ní Greenwich. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ káfíńtà. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni àwọn olùkọ́ ti rí i pé bí a bá ní kí àwọn ọmọ sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù ń wò. Bí a bá ní kí wọ́n fò, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn ọmọ nínú eré.

Ó jáde ní ọdún 1898, ó lọ sí Bristol láti wá iṣẹ́ ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀, ó ń gbá rọ́gbì ní Sátidé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Bristol mú un, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nítorí pé a fi adúláwọ̀ sí ipò tí ó rò pé ti aláwọ̀ funfun ni. Àwọn yòókù jẹ́ kí ó máa lọ. Mo rò pé ó yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá bínú jáde ni a gbọdọ̀ sáré tẹ̀lé láti fi ìdọ̀bálẹ̀ pè padà.

Ní ọdún 1902 ó kó lọ sí Plymouth, ní ìpínlẹ̀ Devon, ìlú etí òkun tí a ti ń kan ọkọ̀ ogun. Ó di káfíńtà ní ibi ìkan-ọkọ̀ náà. Ìlú yìí ni ó wá di ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, nítorí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n jọ ń gba owó ọ̀sẹ̀ ni, wọ́n sì jọ ń wà nínú ẹrẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Òun àti Raphael Jago, ẹnìkejì rẹ̀ ní àárín pápá, mọ ara wọn débi pé wọn kò nílò láti pe ara wọn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́. Ní ọdún 1906 Devon borí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìwé ìròyìn Devon sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí àwọn tí ń yan ènìyàn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dúró dè.

Wọ́n yàn án. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà kan tí yóò dùn mọ́ àwa Yorùbá: ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ wọn, fìlà ni wọ́n ń fi dá a lọ́lá, iye ìgbà tí ó bá sì gbá a ni wọ́n ń kà ní iye fìlà rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1906, ní pápá Inverleith ní Edinburgh, James Peters gba fìlà àkọ́kọ́ tí adúláwọ̀ gbà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú rọ́gbì. Wọ́n ṣẹ́gun Scotland, 9 sí 3. Àwọn ìwé ìròyìn Scotland pàápàá, tí a ṣẹ́gun, yin ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ọ́ pé inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí yíyàn tí a yàn án nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà wọ́n wà ní Paris, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pàdé nínú eré yìí. Àmì 35 ni wọ́n fi borí 8, Peters fúnra rẹ̀ sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà.

Ẹ̀yin ará, bí mo bá dúró níhìn-ín, ìtàn tí ó dùn ni èmi ìbá sọ fún yín, ẹ ó sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà àlejò dé.

Ogun láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún 1902 ni. Ní ọdún 1906, ẹgbẹ́ rọ́gbì ilẹ̀ náà wọkọ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Paul Roos ni olórí wọn. Gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ìbẹ̀wò yìí di ètùtù àlàáfíà. Àwọn tí wọ́n ti ń yìnbọn lu ara wọn yóò jọ jẹun. Ohun rere ni èyí. Ní oṣù kẹwàá àwọn àlejò dé Devon láti bá ìpínlẹ̀ náà gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n wo àwọn tí a yàn, wọ́n rí Peters láàrin wọn. A ròyìn pé wọ́n ní àwọn kò ní jáde sórí pápá láti bá adúláwọ̀ ṣeré, àti pé ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ wọn ni ó ní láti wọlé tọ̀ wọ́n lọ kí ó tó pàrọwà fún wọn. Àwọn ará Devon ńkọ́? Wọn kò yọ ọ́. Ó jáde, ó sì gbá a dé òpin. Wọ́n pàdánù, 22 sí 6, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ wọn hàn ní gbangba.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún kan náà, ó kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an láti pàdé àwọn àlejò ní Crystal Palace ní London. A pe orúkọ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A kò pe Peters. Kò ṣàìsàn, ẹsẹ̀ kò dùn ún, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti lọ́ra. Ohun tí àwọn akọ̀tàn eré náà gbà ni pé nítorí àwọn àlejò ni. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 3 sí 3.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí láyè kí n pa òwe kan tí a kì í sábà pa lórí pèpéle: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwa ará Ìbàdàn ní ohun kan tí a fi ń yangàn, pé ìlú wa a máa gbe àlejò ju onílé lọ. Òtítọ́ ni. Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó pàdé nínú ibùdó ogun tí ó di ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1829, àjèjì púpọ̀ sì ni ó di ẹni ńlá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti fún àlejò ní àga jẹ́ ọ̀kan; láti lé ọmọ dìde lórí àga nítorí pé ojú àlejò kò fẹ́ rí i, ìyẹn jẹ́ òmíràn. Èkínní, ìnáwọ́ ni. Èkejì, ojo ni, bí a tilẹ̀ fi aṣọ ìnáwọ́ bò ó.

N kò sọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ni kékeré ní Ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan wà láàrin wa tí iná ti jó ojú rẹ̀ ní kékeré. Kò sí ohùn tí ó dà bí tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀, ẹni tí a ń retí pé yóò fi owó ràn wá lọ́wọ́ láti parí òrùlé. Àwọn àgbà sọ pé kí ọmọ mìíràn kọ orin tí ó yẹ kí ó dá kọ, kí ojú àlejò má bàa kọ́ṣẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní orin náà. Èmi ni a sì rán sí i. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, sà?" N kò rí èsì kan fún un. Òrùlé parí, òjò kò sì wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn Crystal Palace, ọmọbìnrin yẹn ni mo rí, n kò rí àwọn agbábọ́ọ̀lù rárá. Nítorí náà n kò lè sọ̀kò sí àwọn ìgbìmọ̀ London. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú, bí mo ti rò ó. Wọ́n jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kò fẹ́ ìjà, bí èmi.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, wọ́n tún pè é. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Ní ọdún 1907 ó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ireland àti pẹ̀lú Scotland. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù méjèèjì, ṣùgbọ́n àmì mẹ́ta tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ Scotland, Peters ni ó gbà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908 ó gba fìlà karùn-ún lójú pápá kan ní Bristol, ìlú tí ó ti kọ́kọ́ wá iṣẹ́ wá. Wales ni wọ́n bá gbá a, 28 sí 18 ni Wales fi borí. Ní ọjọ́ náà kùrukùru ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹwòran kò fi lè rí ohun tí ń lọ lórí pápá. Inú kùrukùru yìí ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyókù ìtàn rẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ gé mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ibi ìkan-ọkọ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti tán, nítorí ọwọ́ ni eré náà. Ṣùgbọ́n ó padà sí pápá, ó ń fi ìyókù ìka gba bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1912 ìgbìmọ̀ rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é, wọ́n ní ó gba owó. Kí ẹ lè lóye èyí, ẹ rántí pé ní ìgbà náà a kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ń gbá irú rọ́gbì yẹn. Òfin tí ó rọrùn fún ọlọ́rọ̀ láti pa mọ́ ni. Káfíńtà tí ó sọ ìka mẹ́ta nù lè máà rí i bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ìhà àríwá, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti ya ara wọn sọ́tọ̀ ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní gbangba. Ó gbá a fún Barrow ní ọdún 1913, àti fún St Helens ní ọdún 1914. Nígbà náà ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ó padà sí Plymouth, sídìí iṣẹ́ igi rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1954, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Kò rí ẹnìkejì rẹ̀ kí ó tó kú. Ọgọ́rin ọdún ni ó kọjá láti ọjọ́ kùrukùru yẹn kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún fi aṣọ náà wọ adúláwọ̀. Ní ọdún 1988 ni, ọmọ Nàìjíríà sì ni, Chris Oti, tí a bí sí London. Ní oṣù kan náà tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ àwọn ará Ireland. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Níti Gúúsù Áfíríkà, ọdún 1981 ni adúláwọ̀ kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn nínú ìdíje ilẹ̀ sí ilẹ̀, ìyẹn Errol Tobias. Ní ọdún 2019 adúláwọ̀ kan, Siya Kolisi, ni ó jẹ́ olórí wọn nígbà tí wọ́n gba ife àgbáyé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ṣẹ́gun, 32 sí 12. Nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ni Maro Itoje wà, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó kọ̀ láti jáde sórí pápá ní ọjọ́ náà.

Mo ṣèlérí fún Alága pé n kò ní pẹ́, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìlérí náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ Ìbàdàn wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, kí ó tó gba fìlà kankan, a mú Adébáyọ̀ lọ sí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ti irú rọ́gbì tí ènìyàn méje méje ń gbá. Andrew Harriman, tí a bí ní Èkó, ni olórí ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò retí pé wọn yóò ṣe ohun kan tí ó tóbi, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n gba ife náà. Edinburgh ni wọ́n ti gbá a, ìlú tí James Peters, ọmọ aláìníbaba, ti gba fìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ṣáájú.

Alága, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo wà níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.